Bí A Ṣe Wá Ìlú Tí Ó Gba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Collines

Iṣẹ́ ọkọ mi ni ó gbé wa kúrò ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin. Iléeṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ máa ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ní kí ó máa bójú tó gbogbo ìpínlẹ̀ Collines, èyí tí ó ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Bàǹtẹ̀, Ìdàáṣà tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, Glazoué, Wẹ̀sẹ̀, Savalou àti Ṣábẹ̀ẹ́. Wọn kò sọ ìlú tí a gbọ́dọ̀ gbé. Wọ́n ní ibi tí ó bá wù wá nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kí a fi ṣe ibùgbé, bí ó bá ṣáà ti lè ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ lórí alùpùpù. Ẹni tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ibì kan pàtó lè ráhùn, ṣùgbọ́n wàhálà yíyàn kò sí lọ́rùn rẹ̀. Tiwa wà lọ́rùn wa, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, tí èkejì wọn ní àìsàn èémí tí àwọn dókítà ń pè ní àsímà. Aránṣọ ni èmi, ibi gbogbo ni ènìyàn sì ti ń wọ aṣọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nìkan ni ó ń dà mí láàmú.

Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2013, Àjàṣẹ́ nìkan ní ènìyàn tí ó lé ní 264,000, gbogbo ìpínlẹ̀ Collines sì ní èyí tí ó lé díẹ̀ ní 717,000, tí wọ́n fọ́n ká sórí ilẹ̀ tí ó tóbi ju ti Àjàṣẹ́ lọ fíìfíì. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹ lè mọ irú ìyípadà tí ó jẹ́. Ní Àjàṣẹ́, bí ilé-ẹ̀kọ́ kan kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, òmíràn wà ní òpópónà kejì. Bí ilé ìwòsàn kan bá kún, a lè forí lé Kútọnú. Ní ìlú kékeré, ohun tí ìlú kò bá ní, ẹni tí ó bá ń wá a yóò wọ ọkọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

A bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ará àti ọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá Bohicon tí ó wà lójú ọ̀nà Collines rí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò ní ìmọ̀ràn. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé Ìdàáṣà ni ó yẹ wá, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjọba fi ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà láti ọdún 2016, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà ńlá ti pín sí méjì, tí ọ̀kan gba Savalou àti Bàǹtẹ̀ lọ sí Djougou, tí èkejì sì gba Glazoué àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Pàràkú. Àlàájì kan ní àdúgbò wa, tí ó ti ṣòwò àgbàdo àti ẹ̀wà láti ìgbà èwe rẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìlú mìíràn lẹ́yìn Glazoué, nítorí ọjà rẹ̀ tí wọ́n ń ná ní ọjọ́rú, tí àwọn oníṣòwò ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹlòmíràn yin Savalou àti ọdún iṣu tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀ ní kí a lọ sí Kétu, nítorí pé àwọn ẹbí wọn wà níbẹ̀. A ṣàlàyé títí fún wọn pé inú ìpínlẹ̀ Plateau ni Kétu wà, kò sí nínú èyí tí wọ́n fi lé ọkọ mi lọ́wọ́, wọ́n ní ìjọba ni ó ń pín ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kò bá wọn sí i.

Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ. Àléébù tí ó wà níbẹ̀ ni pé olúkúlùkù ń yin ìlú nítorí ohun tí ìlú náà ṣe fún òun. Ìlú tí ó rọrùn fún ẹni tí ó ń gbé fáìlì lọ sí ọ́fíìsì, tàbí tí ó ń kó àpò àgbàdo sínú ọkọ̀, lè le koko fún ọmọ ọdún méje tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, a kò sì bá ẹnikẹ́ni pàdé ní Àjàṣẹ́ tí ó ti tọ́ ọmọ kéékèèké ní apá ibẹ̀.

Ọkọ mi kọ́kọ́ dá lọ wo àwọn ìlú náà ní oṣù kẹsàn-án. Ilẹ̀ tutù, koríko ga, omi kún inú kànga. Ó ya àwòrán àwọn òkè ńláńlá Ṣábẹ̀ẹ́ wá fún wa, àwọn ọmọ sì ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gun wọ́n. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọ̀rọ̀ nígbà tí ìyá ọkọ mi, tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, béèrè pé, “Omi wọn ńkọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?” Ọkọ mi ní omi wà, òun rí i. Wọ́n ní, “Ìgbà òjò ni o lọ. Ta ni kì í ní omi nígbà òjò?” Ní Kétu tí wọ́n ti dàgbà, omi jìn púpọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, àwọn àgbà a sì máa gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ láti fi tọ́jú omi òjò, nítorí náà ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ wá kì í wo ìlú kan láìwo omi rẹ̀. Kétu tí wọ́n ń polówó fún wa kò wúlò fún wa, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Kétu kọ́ wọn ni ó tún gbogbo ètò wa tò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi yìí díẹ̀, nítorí pé àwa tí a ti etí ọ̀sà wá kì í mọ̀ ọ́n. Ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀ iyanrìn àti amọ̀ ni a tẹ̀ dó sí. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga yóò kan omi, kódà a máa ń rojọ́ pé omi pọ̀ jù, pé ó ń wọ ilé wa. Àpáta ni ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Collines. Inú sísán àpáta ni omi ti ń gbà kọjá, nítorí náà ẹnì kan lè gbẹ́ kànga ìgbàlódé kí ó rí omi rẹpẹtẹ, kí aládùúgbò rẹ̀ sì gbẹ́ tirẹ̀ ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i kí ó má rí nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí, àsìkò òjò méjì tí a mọ̀ ní ìsàlẹ̀ a máa súnmọ́ ara wọn bí ènìyàn ti ń lọ sókè títí wọn yóò fi di ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ń tẹ̀ lé e a sì máa gùn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Omi ẹ̀rọ ìjọba wà nínú àwọn ìlú ńlá ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àdúgbò ni páìpù dé, kì í sì í ṣe gbogbo ibi tí páìpù dé ni omi ti ń yọ lójoojúmọ́.

Nítorí náà, a dúró di oṣù kejì kí a tó padà lọ, èmi pẹ̀lú ọkọ mi, a sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà. Ìlú tí mo rí kì í ṣe èyí tí ó wà nínú àwòrán. Ọyẹ́ ti gbé eruku bo gbogbo nǹkan, ewé igi ti pọ́n, àwọn òkè náà sì ń tú ooru tí wọ́n gbà sára lọ́sàn-án jáde lóru. Àyà mi já. Mo ń ronú bí èémí ọmọ mi yóò ti rí nínú eruku yẹn, mo sì sọ fún ọkọ mi pé kí ó lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ pé a kò lọ mọ́. Kò dáhùn, mo sì mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì tẹ̀ lé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń ru kẹ́ẹ̀gì lọ síbi omi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn láàárín wákàtí kan, kò sí onílé kan tí ó lè sọ ọ́ fún mi: wọ́n mọ ẹ̀rọ tí kì í gbẹ, wọ́n mọ àdúgbò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dìde ní aago mẹ́rin òru kí ó tó lè rí omi pọn, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta omi ní ìlọ́po owó nígbà tí oòrùn bá mú jù. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń ṣe ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí a bá wọ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe béèrè bóyá omi wà. Gbogbo ènìyàn ni yóò ní ó wà. Ẹ béèrè ẹni tí ó ń pọn ọ́n, àti aago tí ó ń jí.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kò gba wá ní àkókò púpọ̀, nítorí pé ìjọba ti pín ìpínlẹ̀ náà sí agbègbè ìlera mẹ́ta: Ìdàáṣà pẹ̀lú Glazoué, Savalou pẹ̀lú Bàǹtẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Wẹ̀sẹ̀. Pẹ̀lú irú ọmọ tí a ní, a kò lè jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá, Bàǹtẹ̀ àti Wẹ̀sẹ̀, tí ilé ìwòsàn ńlá agbègbè wọn wà ní ìlú kejì, sì kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kajú pọ̀ ní Wẹ̀sẹ̀ fún iṣẹ́ ọkọ mi. Èmi fúnra mi wọ àwọn ilé ìwòsàn náà láti béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń fún ènìyàn ní atẹ́gùn, àti ẹni tí ó máa ń wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ àìkú. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí láti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìgbé aláìsàn dání. Ní ibì kan, agbẹ̀bí àgbàlagbà kan mú mi lọ́wọ́, ó fi gbogbo yàrá náà hàn mí, ó ní ó sàn kí ìyá wá béèrè lọ́sàn-án ju kí ó wá máa sunkún lóru lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó le jù, kì í sì í ṣe nítorí owó, nítorí pé láti ọdún 2006 ni ìjọba ti mú owó ilé-ìwé kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ẹ rántí bí ọjọ́ ilé-ìwé wa ti rí ní Benin: ọmọ a wọlé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, yóò jáde ní ọ̀sán, yóò tún padà ní aago mẹ́ta títí di ìrọ̀lẹ́. Ìrìn mẹ́rin ni lójúmọ́, méjì nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ìgbà tí oòrùn ń jó ènìyàn lórí. Ilé tí alárinà ilé ní “kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá” lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó gun alùpùpù. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ mi rìn ín ní ọ̀sán gangan, láìyára, bí ọmọ kékeré yóò ti rìn ín. Mo kọ ilé méjì tí ọkọ mi fẹ́ràn nítorí ìrìn yìí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní oúnjẹ ọ̀sán lábẹ́ ètò tí ìjọba ń ṣe pẹ̀lú àjọ oúnjẹ àgbáyé, ìrìn mẹ́rin náà di méjì, nítorí náà ó yẹ kí ẹ béèrè. Nígbà tí a ń wá ilé, kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ní in, kódà nínú ìlú kan náà.

Ohun kejì ni ọ̀nà ńlá. Ọ̀nà tí ó ti Kútọnú wá, tí ó ń lọ sí Pàràkú títí dé ààlà Niger, ni ó gba Ìdàáṣà, Glazoué àti Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó òwú àti ẹrù kì í sì í dẹ̀rìn nítorí ọmọ. Lórí ọ̀ràn yìí ni èmi àti ọkọ mi ti fa ọ̀rọ̀. Ìdàáṣà wà láàárín gbùngbùn fún un: láti ibẹ̀ ó lè yà sí Savalou àti Bàǹtẹ̀, ó sì lè yà sí Glazoué àti Ṣábẹ̀ẹ́, kí ó sì sùn sílé lálẹ́. Bí a bá gbé Ṣábẹ̀ẹ́, yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ dé Ìdàáṣà kí ó tó forí lé Bàǹtẹ̀, yóò sì máa sùn síta. Ṣùgbọ́n ilé tí owó wa ká ní Ìdàáṣà wà ní òdì kejì títì sí ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń yà. Ìdàáṣà kò burú; ẹni tí ó bá rí ilé ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́, kò ní ohun tí ó ń wá kiri mọ́, yàtọ̀ sí pé kí ó múra sílẹ̀ fún oṣù kẹjọ tí àwọn Kátólíìkì ń rọ́ lọ síbẹ̀ fún ìrìn-àjò mímọ́ sí ihò Arígbó, tí yàrá àti ọkọ̀ a sì di ọ̀wọ́n. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìlú wé ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé àdúgbò ni ọmọ ń gbé. Láàárín àdúgbò méjì nínú ìlú kan, mo rí ìyàtọ̀ tí ó ju èyí tí ó wà láàárín ìlú méjì lọ.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni a wá mú. A rí ilé kan tí ẹ̀rọ omi gbogboogbò wà nítòsí rẹ̀, tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tí a sì lè fi alùpùpù dé ilé ìwòsàn láìpẹ́. Onílé kọ́kọ́ fẹ́ gba owó ọdún kan lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi fi sùúrù rán an létí òfin ilé gbígbé ti ọdún 2018, tí ó fi owó oṣù mẹ́ta ṣe òpin ohun tí onílé lè gbà ṣáájú, ó sì bẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti ń bẹ bàbá. Onílé rẹ́rìn-ín, ó ní ará Àjàṣẹ́ ti kó òfin dé, ó sì gbà. Ẹ má ṣe fi òfin halẹ̀ mọ́ onílé ní ìlú tí ẹ kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ òfin náà, kí ẹ sì fi ẹnu tútù sọ ọ́.

Èdè wà lára ohun tí ó fà wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ní Savalou, Mahi ni èdè ìlú. Ní Glazoué, Mahi, Fọ̀n àti Ìdàáṣà ni wọ́n ń sọ pọ̀. A rò pé bí àwọn ọmọ bá dé àárín àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, tí èdè wọn bá Yorùbá ilé wa tan, ara yóò tètè tù wọ́n. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún èmi. Àwọn ìyá tí ó wá ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi a máa rẹ́rìn-ín sí bí mo ti ń sọ̀rọ̀, èmi náà a sì ní kí wọ́n tún tiwọn sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní ọmọ ìyá. Ní ti àwọn ọmọ, Gùn tí wọ́n ti kọ́ ní ìgboro Àjàṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ bá wọn wá ọ̀rẹ́, nítorí pé Fọ̀n, tí ó bá Gùn tan, ni àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá ṣeré ń sọ. A kò gbé èyí yẹ̀ wò rárá nígbà tí a ń ṣe ìṣirò wa.

Ìgbà tí a kó lọ ṣe pàtàkì púpọ̀. Àkọ́bí wa wà ní kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ọdún náà, orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ìwé ní Àjàṣẹ́. A fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà títí ó fi ṣe ìdánwò tán, àwa yòókù sì ṣáájú. Ọmọ náà sunkún, èmi náà sunkún nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá tún kàn mí lónìí, ohun kan náà ni n ó ṣe. Kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ wà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́, ìwé èsì ìdánwò àti ẹ̀dà ìwé ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ yóò san owó ọkọ̀ padà lọ mú un.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ dán wa wò. Àìsàn èémí náà kọlu ọmọ wa kejì nínú ọyẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ti bẹ̀rù, ọkọ mi sì wà ní Bàǹtẹ̀ lóru náà. Aládùúgbò wa, ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta wàrà àti gàrí, ni ó jí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dìde kí ó fi alùpùpù gbé wa lọ. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, mo ti mọ ilẹ̀kùn tí mo gbọ́dọ̀ kàn. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ tútù bo fèrèsé ní àṣálẹ́, mo gbé ìkòkò èédú jìnnà sí yàrá, mo sì ń fi omi nu ilẹ̀ dípò kí n máa gbá a. Ìyẹn náà ń jẹ omi, ẹ sì ti mọ ohun tí omi jẹ́ níbẹ̀.

Kò sí ẹja ọ̀sà tútù. Èyí tí ó bá dé ti gbẹ, ó sì wọ́n. Iṣu pọ̀, ó dùn, àwọn ọmọ sì sanra. Ọjọ́ mìíràn wà tí àárò Àjàṣẹ́ máa ń sọ mí débi pé n kì í fẹ́ gbé abẹ́rẹ́.

Ní báyìí, àkọ́bí wa ti wà ní CEG, ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba, ó sì ti ń sọ pé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni òun yóò mú nígbà tí ó bá kan ọ̀rọ̀ BAC, ìdánwò àṣejáde girama, ìyẹn ìpín C tàbí D. Kì í ṣe gbogbo CEG ni ó ní olùkọ́ tí ó tó fún ìpín C. Nítorí náà, a tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ní Ìdàáṣà, àti ní Pàràkú. Ọkọ mi ń bi àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, èmi sì ń bi àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì náà lọ́wọ́ pé wákàtí mélòó ni olùkọ́ ìṣirò wọn wọ kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.